Àdúrà Tí Ìyá Wòlíì Kò Gbà

Nílé wa, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́yìn abúlé wa, nítòsí Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí ohun tí yóò dí i lójú títí ojú fi máa rẹ̀ ẹ́. Òkìtì ọ̀gán ni òkè tó ga jù tí mo mọ̀ kí n tó kúrò nílé. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbójú sókè ní Òdòde-Ìdànrè, tí mo rí àwọn àpáta wọ̀nyẹn tí wọ́n yọ orí sí ìlú láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, ńṣe ni mo di ọkọ mi lápá mú. Ìkùukùu jókòó lé ọ̀kan lórí bí gèlè. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an, obìnrin kan ń dín àkàrà, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo bi Ràímì, ọkọ mi, pé bí ọ̀kan nínú wọn bá yí lulẹ̀, ta ni yóò ṣẹ́kù? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó máa yí ni, ì bá ti yí kí àwa tó dé.

Mo ti rò pé n kò ní ṣàjèjì púpọ̀, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá lèmi náà, Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo béèrè ibi tí mo ti lè rí zẹ́mìjàn, gbogbo àwọn tó wà nídìí agbada àkàrà sì ń wo ẹnu mi. Ọ̀kadà ni mò ń wí. Àwọn àgbà Ìdànrè ń pe ilé ní ulé, wọ́n sì ní ìró kan tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wọn jáde, tí ahọ́n mi kò gbà títí dòní. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ń fi Gẹ̀ẹ́sì lú ọ̀rọ̀ tiwọn. Èmi, Faransé ni mo ní láti fi lú tèmi, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n sọ mí ní Ìyàwó Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé Kútọnu rí láyé mi.

Àbà tí a lọ gbé wà láàárín igbó kòkó, ní apá ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí Òfòsù. Àbà Akinbọ̀dé ni wọ́n ń pè é, nítorí Bàbá Akinbọ̀dé ló ni ilẹ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé Òdòde, ó kàn máa ń wá wò wá ni. Àwa tí a ń ṣe oko rẹ̀ wá láti oríṣiríṣi ibi: àwọn ará Ọ̀ṣun, àwọn Ẹ̀bìrà, àwọn ará Òkè Ògùn, àti àwa láti Kétu. Àdéhùn tí a bá a ṣe kò lọ́jú pọ̀. Yóò fún wa nílẹ̀ igbó, àwa yóò gbin kòkó tuntun sí i, a ó máa tọ́jú rẹ̀. Bó bá ti ń so, a ó pín in sọ́nà mẹ́ta, òun á mú méjì, àwa á mú ọ̀kan. Títí kòkó yóò fi so, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bá gbìn sáàárín rẹ̀ la ó máa jẹ.

Mo ti ṣiṣẹ́ oko nílé, ṣùgbọ́n irú èyí kò sí nílé. Igbó náà kò fẹ́ ká wọ òun. Bí a bá ro ibì kan lónìí, tí òjò rọ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, koríko ti dé orúnkún. Nígbà míràn, lójú ọ̀sán, èmi àti Ràímì á jókòó sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìsọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ pàápàá wúwo lẹ́nu. Àárò ilé kì í sọ mí nígbà iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé, nígbà tí èéfín oúnjẹ bá ń jáde láti ilé kọ̀ọ̀kan, tí mo bá gbọ́ òórùn èlùbọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àbà. Orí àpáta pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́yìn oko ni a ti ń rí i. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo àwa tí a ní ẹni tí a fi sílẹ̀ nílé á gùn ún lọ, olúkúlùkù á kọjú sí ọ̀nà ibi tí ilé rẹ̀ wà, á máa pariwo sínú fóònù ní èdè tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ó dà bí ẹni pé oríṣiríṣi ìsìn ni wọ́n ń ṣe lórí òkúta kan náà. Èmi náà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Màmá mi ló ń tọ́ Ràfíátù, ọmọ mi obìnrin, kó lè máa lọ sílé ìwé. Ọmọ náà á kọ́kọ́ sọ Faransé sí mi, kí n lè mọ̀ pé ó ń kàwé. Lẹ́yìn náà ni Màmá á gba fóònù, á béèrè ohun kan náà tó máa ń béèrè, pé ṣé mo ṣì ń kírun láàárín àwọn ènìyàn tí mo bọ́ sí yìí. Mo ní mò ń kí i. Òótọ́ ni.

Àwọn tí Màmá ń wí ni àwọn Aládùúrà. Ẹlẹ́sìn aláṣọ funfun kò ṣàjèjì sí mi, wọ́n pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ìgboro ni mo ti máa ń rí wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a kọ́kọ́ lò ní àbà, mo ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ agogo. Mo gbójú sókè. Láàárín igi kòkó, níbi tí kò sí ohun mìíràn ju ewé gbígbẹ àti òjìji lọ, mo rí àwọn ènìyàn tó ń bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ wọn funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọn kò wọ bàtà. Àwọn tí mo rí lánàá tí ẹrẹ̀ bò dé itan náà ni. Ọkùnrin kan tó ti bá Ràímì jà nítorí àdá wà láàárín wọn, ojú rẹ̀ tutù bí ti ọmọ tuntun. Mo gbàgbé ìkòkò ọwọ́ mi. Kì í ṣe aṣọ ló yà mí lẹ́nu. Bí ènìyàn kan náà ṣe lè di ẹlòmíràn láàárín àná àti òní ni, àti bí ó ṣe hàn pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ti di ẹlòmíràn.

Obìnrin tó ṣáájú wọn kò ga. Láàárín ọ̀sẹ̀, gàrí ló ń yan, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ìyá Wòlíì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn tó pẹ́ ní àbà sọ fún mi pé òun ló dá ìjọ náà sílẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan, nígbà tí ìdílé tó wà níbẹ̀ kò tíì pọ̀. Bàbá Akinbọ̀dé, tí òun náà jẹ́ Aládùúrà, ló wá kọ́ ilé fún wọn, tó kan páànù sí i, tí wọ́n sì fi í jẹ bàbá ìjọ.

Mi ò mọ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń rí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti rí i bí ohun tí ọwọ́ lè tọ́. Ọlọ́pàá jìnnà sí wa. Baálẹ̀ kan kò sí tí gbogbo wa jọ mọ̀. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn tí èdè wọn kò bá ara mu, tí àdá wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ń gbé pọ̀ láìpa ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹni tó bá ń bínú sí ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá síwájú àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n parí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó mọ́. Àwa tí a kì í ṣe ọmọ ìjọ pàápàá ń lọ. Ràímì àti ọkùnrin tí wọ́n jọ jà nítorí àdá náà lọ, wọ́n jọ mu omi nínú ife kan, ọ̀rọ̀ sì tán. Mo sọ fún Ràímì lálẹ́ ọjọ́ náà pé ìjọ yìí ló di àbà mú bí ọ̀já ṣe ń di ọmọ mú sẹ́yìn.

Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí n máa wo ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Alágbàro ń dọ̀bálẹ̀ fún alágbàro. Ìyàwó ń kúnlẹ̀ fún ọkọ. Ẹni tó pẹ́ dé oko ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olóko tí kò sí níjòókòó. N kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n pe olóko fúnra rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Wòlíì náà, bó bá ń wàásù, sùúrù ló máa ń wàásù. Bàbá Akinbọ̀dé sì máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé ìjọ yìí ló ń jẹ́ kí òun rí oorun sùn ní Òdòde.

Kòkó wa ti ń yọ òdòdó nígbà tí Ràímì kú. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ni. Ó wà nínú oko, ẹ̀ka igi afàrà kan já lù ú, ẹ̀mí sì ti bọ́ lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé títì. Wọ́n gbé e padà wá fún mi lórí pákó tí a fi ń sá kòkó.

Ohun tí mo rántí jù nípa ọjọ́ náà ni pé ẹnikẹ́ni kò padà sóko. Ìyá Wòlíì wọlé tọ̀ mí wá. Kò sọ pé kí n má sunkún. Ó jókòó sílẹ̀, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé báwo la ṣe ń ṣe é nínú ẹ̀sìn tiwa. Mo sọ fún un. Ó jáde, ó rán ọ̀kadà lọ mú àáfà wá láti Òfòsù, ó wá àkísà tó mọ́, ó ní kí wọ́n pọn omi. Ó tún padà wọlé láti bi mí pé ibo ni orí rẹ̀ yóò wà, ibo lojú rẹ̀ yóò kọ sí. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ náà, ọmọ ìjọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ọkọ mi, nínú àpótí tirẹ̀ ló ti mú un jáde.

Nígbà tí àáfà dé, ó to àwọn Mùsùlùmí tó wà ní àbà, wọn kò kún ìlà kan. Ó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ìjọ aláṣọ funfun ló dúró lẹ́yìn wọn lọ́ọ̀ọ́kán, láìwọ bàtà, láìkọrin, láìlu agogo. Àáfà náà wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé ọwọ́ sí etí. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ayé mi ti fọ́, mo mọ̀ ní wákàtí yẹn pé mò ń wo ohun tí mi ò ní rí mọ́ láyé mi. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá. Ẹ̀sìn wọn kò sì sọ ọ́ di dandan. Síbẹ̀, ẹ̀sìn wọn náà ló kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń dúró níwájú ohun tó ju òun lọ, wọ́n sì mú un wá bá mi.

Lórí àpáta, Màmá sunkún títí, ó ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní mò ń bọ̀. Mo rò pé òótọ́ ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ oko, tí mo rí igi tí àwa méjèèjì gbìn, tí èso kéékèèké ti ń yọ lára wọn, ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ gbéra.

Bàbá Akinbọ̀dé kẹ́dùn dáadáa. Ó gbé ìrẹsì wá, ó bá mi jókòó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, n kò sì ní sọ pé ènìyàn burúkú ni. Lẹ́yìn tí òjò ti fìdí múlẹ̀, ó padà wá, ó ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bíi bàbá sí ọmọ.

"Ìyàwó, o mọ̀ pé obìnrin kì í gba oko pín níbí," ó ní. "Ọkọ rẹ ni mo bá ṣàdéhùn. Mo ti rí ọkùnrin kan tí yóò gba iṣẹ́ náà. O lè dúró tì wọ́n, kí o máa bá wọn fọ́ kòkó, wọn á máa sanwó ọwọ́ rẹ fún ọ."

Mo bi í nípa igi tí a gbìn.

"Igi tó wà lórí ilẹ̀, ti ilẹ̀ ni."

Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ fún àlejò pé odò kan jìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe ṣe é. Àwọn obìnrin tó ti kọjá lọ ní àbà náà ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sí ìlàjà ọjọ́ Sátidé. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ olóko débẹ̀, àwọn àgbà kò sì mọ ibi tí wọn ó wò. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó ní kò sí ẹjọ́ kankan láàárín òun àti èmi. Wọ́n bá ní kí n ní sùúrù, kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí n má da àbà rú. Mo yí ojú sí Ìyá Wòlíì. Kò bá wọn sọ ọ́, kò sì gbè mí. Nígbà tí gbogbo wọn dìde, ó ní, "Máa lọ ilé. Mo ti gbọ́." Mo bínú sí i débi pé n kò kí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwa tí a ń gbin kòkó mọ̀ pé kòkó kékeré kò lè yè láìsí ìbòji lórí rẹ̀, oòrùn á pa á. Ṣùgbọ́n bí ìbòji bá pọ̀ jù, tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, èso á bẹ̀rẹ̀ sí í rà dúdú lórí igi. Mo rò ó pé àbò tí ìjọ yẹn fi bò wá ti di irú ìbòji bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè wọn dé. Gbogbo àbà ló máa ń wá sí ìkórè, ẹlẹ́sìn yòówù kí ènìyàn jẹ́. Wọ́n kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ àti àpò kòkó jọ síwájú pẹpẹ títí ó fi kù díẹ̀ kó kan fèrèsé. Bàbá Akinbọ̀dé wà ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti àwọn àlejò láti ìlú. Èmi jókòó síta, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú àwọn tí kì í wọlé. Mo kàn fẹ́ jẹun kí n lọ, nítorí mo ti pinnu pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa padà sílé.

Wọ́n kọrin, wọ́n jó. Nígbà tó tó àkókò láti gbàdúrà sí ìkórè kí wọ́n tó lè pín in, Ìyá Wòlíì jáde síwájú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni látìgbà tí ìjọ ti wà lábẹ́ igi. Ó gbọn agogo, ó kúnlẹ̀, gbogbo ilé kúnlẹ̀. A ń retí ohùn rẹ̀. Ohùn kò jáde. A tún retí. Ọmọdé kan wúkọ́, ewúrẹ́ kan ké, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ń gbọ́ bí páànù ṣe ń ta nínú oòrùn. Ó pẹ́ títí orúnkún àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè dìde nítorí agogo ti lù.

Níkẹyìn ó yí ojú sí Bàbá Akinbọ̀dé, lórí ìkúnlẹ̀ náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Mo wá àdúrà náà lẹ́nu mi, kò sí níbẹ̀. Ohun tí a kó síwájú pẹpẹ yìí, iṣu oko opó kan tó jókòó síta ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Mi ò lè gbé ohun olóhun fún Ọlọ́run."

Kò pariwo. Bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé ló ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin kan nínú àwọn àlejò ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn gbàdúrà náà. Ìyá Wòlíì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi agogo sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè mú un. Àwọn àgbà ìjọ wo agogo náà. Àwọn kan náà tó ní kí n ní sùúrù ni. Kò sí ọ̀kan tó nawọ́ sí i.

Bàbá Akinbọ̀dé dìde. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti àlejò dìde tẹ̀ lé e. Ó rìn la àárín gbogbo àwọn tó kúnlẹ̀ kọjá, kò sì sí alágbàro kan tó dìde láti yà fún un bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí mi. A wo ara wa. Ẹ̀rù rẹ̀ ti máa ń bà mí látọjọ́ tí mo ti dé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ.

"Kí lo fẹ́ gan-an?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ kò ju kí èmi nìkan gbọ́.

"Ibi tí Ràímì gbìn ni, Bàbá."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n dìde nínú ilé, olúkúlùkù gbé ohun tó mú wá padà sílé rẹ̀ láìgbàdúrà sí i. N kò rí irú ìkórè bẹ́ẹ̀ rí.

N kò ní tan yín pé ọkàn rẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ṣe ni pé ó rán àwọn kan wá, wọ́n tú páànù orí ilé ìsìn náà lọ, nítorí òun ló kàn án. Ìyá Wòlíì bá wọn di àkàbà mú kí ènìyàn má baà já bọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìjọ padà sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ wọn. Ọkùnrin tí olóko fẹ́ fi rọ́pò wa wá láti Àtòsín láti wo oko. Ó rìn yí i ká, ó ní oko náà dára, ó sì béèrè ìdí tí ilé ìsìn kò fi ní òrùlé. Wọ́n sọ fún un. Ó ní ohun tí wọn kò lè gbàdúrà sí, òun kò lè jẹ nínú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn wá, òun náà lọ. Títí kòkó fi pọ́n, ẹnikẹ́ni kò gbà á. Ìgbà yẹn ni olóko ránṣẹ́ pé kí n máa ká a lọ, kí a máa pín in bí àdéhùn.

Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀. Àdúrà pọ̀ tí mo ti gbọ́ nílé àti lájò. Èyí tí obìnrin yẹn kò gbà ló lágbára jù nínú gbogbo wọn. Ohun tó ti ń jẹ́ kí gbogbo wa dúró jẹ́ẹ́ sójú kan ló wá ṣí wa nípò, kò sì sí agbára mìíràn ní àbà tó lè ṣe é, nítorí kò sí ohun mìíràn tí gbogbo wa, olówó àti alágbàro, jọ ń kúnlẹ̀ fún.

Mo gun àpáta lọ, mo ròyìn fún Màmá.

"Kí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́?" ó bi mí.

Mo ní Ìyá Wòlíì ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

"Mo ní orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ máa dá a lórí ẹní ìrun mi."

N kò mọ̀ ọ́n. Mo ní láti lọ béèrè. Comfort ni, Kọ́ńfọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pè é. Láti ìgbà náà, obìnrin arúgbó kan nítòsí Kétu, tí kò dé Nàìjíríà rí, ń bẹ Ọlọ́run fún Kọ́ńfọ́ọ̀tì láràárọ̀, kò sì béèrè mọ́ bóyá mò ń kírun.

Àwọn nǹkan kan bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kò yẹ kí n fi pa mọ́. Mọ̀lẹ́bí olóko kan kọ́ ilé ìsìn mìíràn sí òdìkejì àbà, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn kan sì lọ síbẹ̀. Ìlàjà ọjọ́ Sátidé kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tibí bá jà pẹ̀lú ẹni tọ̀hún, ìjọ wo ni yóò parí rẹ̀? Ìjà kan ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá rí. Àwọn àgbà kan ṣì ń wò mí pé èmi ni mo da ayé àwọn rú, n kò sì lè bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n opó méjì mìíràn ti gba oko ọkọ wọn, ọmọbìnrin ará Ọ̀ṣun kan tí kò tíì lọ́kọ sì ti gba tirẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ràfíátù ti wá lo ọludé lọ́dọ̀ mi. Ó gbé èso kòkó kan lọ́wọ́, ó bi mí ní Faransé pé ta ló ni ín. Mo fi Faransé dá a lóhùn pé tiwa ni.

Ní ọdún tó kọjá, apá kan ara Bàbá Akinbọ̀dé rọ. Ó ní kí àwọn ọmọ òun wá, kí òun pín oko òun níṣojú òun. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Fúnmiláyọ̀, olùkọ́ ní Àkúrẹ́. Ó wá sí àbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ti sọ fún òun ṣáájú pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò kan obìnrin, òun sì gbọ́ pé obìnrin ń ṣe oko pín níbí. Ó bẹ Ìyá Wòlíì kó tẹ̀ lé òun lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ pín in, kí òun lè béèrè tòun. Ìyá Wòlíì ní bí òun bá wọ ilé yẹn, ìjà àtijọ́ ni wọn ó rí, wọn ò ní rí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó wá nawọ́ sí mi.

"Mú èyí lọ. Òun ni kí wọ́n rí."

Ẹ̀rù bà mí. Àlejò ni mí, ìwé ìgbélùú pàápàá, ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo wẹ̀, mo wé gèlè, a lọ.

Ilé náà wà lábẹ́ àpáta gan-an, òjìji rẹ̀ bo àgbàlá. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ti jókòó yí i ká nínú pálọ̀. Bàbá Akinbọ̀dé wà lórí àga onírọ̀rí, ẹnu rẹ̀ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kò gbéra mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. N kò mọ̀ bóyá ó dá mi mọ̀. Fúnmiláyọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí àga fún un, kò sì sí fún èmi.

Àkọ́bí rẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé ta ni ó mú wá síbi ọ̀rọ̀ ẹbí, pé ṣé kò mọ̀ pé Kútọnu ni obìnrin yìí ti wá. Fúnmiláyọ̀ la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo mọ bó ṣe ń rí. Mo ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n má bínú, kí n máa lọ síta.

Bàbá Akinbọ̀dé gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Gbogbo wọn dákẹ́. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó tò lẹ́nu rẹ̀.

"Ará oko mi ni," ó ní. "Ẹ dìde fún wọn."

Àkọ́bí rẹ̀ dìde, èyí tó tẹ̀ lé e náà sì dìde. Mo jókòó, Fúnmiláyọ̀ jókòó tì mí, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.